arm64: ioremap ń dá NULL padà, no-map náà kọ̀. Báwo la ṣe ń ya 64 MB sọ́tọ̀ kí kernel tó gba gbogbo RAM?

omoboodu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Bọ́ọ̀dù arm64 kan ló wà nílẹ̀ yìí: RAM 2 GB, láti 0x80000000 dé 0xffffffff. Linux 6.6 ni, U-Boot ló ń gbé e dìde, kò sí UEFI. DSP kan (ẹ̀rọ ìṣírò kékeré tó ń ṣiṣẹ́ lórí ohùn) wà lára chip náà tó ń lo 64 MB láti 0x9c000000. Nínú 64 MB yìí, 8 MB àkọ́kọ́ jẹ́ ti DSP nìkan. Firmware EL3 (ìpele àṣẹ tó ga jù lára CPU) ti tì í pa, bí Linux bá kà á, àṣìṣe ni bus máa dá padà. 56 MB tó kù ni Linux àti DSP jọ ń lò láti fi gbé ohùn fún ara wọn. DSP yìí kò mọ ohun tó wà nínú cache CPU.

Ohun tó wà nínú device tree (dtb, fáìlì tó ń júwe bọ́ọ̀dù fún kernel) báyìí nìyí:

```
reserved-memory {
    #address-cells = <2>;
    #size-cells = <2>;
    ranges;

    dsp_mem: dsp@9c000000 {
        reg = <0x0 0x9c000000 0x0 0x4000000>;
    };
};
```

Driver pe `ioremap(0x9c000000, SZ_64M)`, kí kernel lè máàpù ibẹ̀ fún un. NULL ló gbà, WARN sì jáde nínú dmesg. Nígbà tí a pààrọ̀ rẹ̀ sí `memremap(..., MEMREMAP_WB)`, ó gbà, àmọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, nígbà mìíràn lẹ́yìn wákàtí kan, gbogbo rẹ̀ máa ń kú pẹ̀lú `Kernel panic - not syncing: Asynchronous SError Interrupt`. Kò sí ìlà kóòdù kan tí a lè nàka sí. Stack tó ń jáde kì í jọ ti àná.

A wá fi `no-map;` kún node náà. Kernel jí, ṣùgbọ́n ó kọ èyí:

```
Reserved memory: failed to reserve memory for node 'dsp@9c000000': base 0x000000009c000000, size 64 MiB
```

Ohun kan tún wà tí kò yé wa. Kí a tó fi no-map sí i, bí a bá wo mẹ́mórì náà láti 0x9e000000 lọ kí DSP tó kọ ohunkóhun síbẹ̀, `0xcc` ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́.

Kí ló dé tí ioremap fi kọ̀? Kí ló dé tí no-map fi kọ̀? Ta ló sì ń kọ 0xcc síbi tí a ti yà sọ́tọ̀?

---

akoweDTS

Ọ̀nà tó yá jù: ẹ kọ `mem=448M` sínú bootargs (ìlà àṣẹ kernel). 448 MB jẹ́ 0x1c000000, kernel á dúró ní 0x9bffffff, kò sì ní mọ̀ pé DSP wà níbì kan. ioremap á gbà lójú ẹsẹ̀.

---

ojuewe4k

@akoweDTS, mem=448M ò ní gbà wá níbí. Òkè RAM ni mem= máa ń gé, kì í gbẹ́ ihò sáàárín. Láti 0xa0000000 dé 0xffffffff, ìyẹn 1,536 MB gbáko, á lọ nítorí 64 MB. Èkejì ni èyí tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí: bí initrd (fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ tí U-Boot ń gbé sínú RAM fún kernel) bá bọ́ sí apá tí mem= gé kúrò, `arm64_memblock_init()` máa dá ibi tí initrd wà padà sínú memblock, torí kernel gbọ́dọ̀ lè kà á. Ó sì dájú, látinú 0xcc tí omoboodu rí, pé inú ilé DSP gan-an ni initrd ń gbé.

Ẹ jẹ́ ká tò ó bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, torí ètò yìí ló ṣàlàyé gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí kernel bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, kò sí buddy, kò sí slab, kmalloc kò tíì dé (àwọn ló ń pín mẹ́mórì nígbà tí kernel bá jí tán). memblock nìkan ló wà. Àkójọ méjì ni memblock: `memory`, tó ń sọ ibi tí RAM wà, àti `reserved`, tó ń sọ ibi tí a ò gbọdọ̀ fún ẹlòmíràn. (Bí patch àtijọ́ kan bá ní `alloc_bootmem` nínú, ẹ má wulẹ̀ dà á láàmú, bootmem ti kúrò pátápátá láti 4.20.) Lórí arm64 6.6, `setup_arch()` ń tẹ̀lé ọ̀nà yìí:

`early_fixmap_init()` àti `early_ioremap_init()` ló máa kọ́kọ́ wá. Lẹ́yìn náà `setup_machine_fdt()` á fi fixmap (àyè máàpù kékeré tó wà kí máàpù gidi tó dé) ka dtb, á ya dtb náà fúnra rẹ̀ sọ́tọ̀, á sì fi ohun tó bá rí nínú node `memory` kún àkójọ `memory`. `parse_early_param()` ló tẹ̀lé e. Ìgbà náà ni `arm64_memblock_init()` á dé: á ya kernel sọ́tọ̀ láti `_stext` dé `_end`, á ya initrd sọ́tọ̀, ìkẹyìn pátápátá ni á tó pe `early_init_fdt_scan_reserved_mem()`, èyí tó ń ka `reserved-memory` yín. Lẹ́yìn rẹ̀ ni `paging_init()` á ya linear map, ìyẹn máàpù tí kernel fi ń dé gbogbo RAM rẹ̀. Nígbà tó yá, `memblock_free_all()` á kó gbogbo ohun tí kò sí nínú `reserved` fún buddy.

Ẹ wo ìtòlẹ́sẹẹsẹ yẹn dáadáa: initrd ló ṣáájú `reserved-memory`.

Nígbà tí node yín kò ní no-map, `memblock_reserve()` ni kernel pè. `memblock_reserve()` kì í bínú bí nǹkan méjì bá gun ara wọn. Ó kàn ń so wọ́n pọ̀ ni. Nítorí náà kò sí ariwo kankan nínú log. Ṣùgbọ́n nígbà tí kernel tú initrd tán, ó dá àwọn ojú ewé yẹn padà fún buddy, ó sì fi `POISON_FREE_INITMEM` kùn wọ́n kó tó dá wọn padà. `0xcc` ni iye `POISON_FREE_INITMEM`. Ohun tí ẹ rí nìyẹn. Ìyàsọ́tọ̀ yín ti ní ihò láàárín, ojú ewé ibẹ̀ sì ti di ti ẹnikẹ́ni tó bá pe kmalloc. DSP á máa kọ ohùn sórí inode ẹlòmíràn.

Nígbà tí ẹ fi no-map sí i, ọ̀nà mìíràn ni kernel gbà. Kó tó sàmì no-map sí ibì kan, ó máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá apá kankan níbẹ̀ ti wà nínú `reserved`. Báìtì kan péré tó bá gun orí rẹ̀ ti tó: `-EBUSY` ló máa dá padà. Ó ní ìdí: bó bá yọ ibi tí initrd tàbí dtb wà kúrò nínú linear map, kernel fúnra rẹ̀ kò ní lè kà á mọ́. Àmọ́ ẹ fetí sí èyí: lẹ́yìn ìkọ̀ yẹn, kò sí ohun tó ya 64 MB náà sọ́tọ̀ rárá. Ipò yìí burú ju èyí tí ẹ wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe jí DSP nígbà tí ìlà yẹn bá wà nínú dmesg.

Bí ẹ ṣe máa fi ojú ara yín rí i: ẹ fi `memblock=debug log_buf_len=1M` kún bootargs, kí ẹ sì wá irú ìlà yìí:

```
memblock_reserve: [0x000000009e000000-0x000000009f7fffff] arm64_memblock_init
```

Ẹ tún lè wo `xxd /proc/device-tree/chosen/linux,initrd-start`. Ní U-Boot: `printenv ramdisk_addr_r initrd_high fdt_high`. Bí `initrd_high` bá jẹ́ `0xffffffffffffffff`, a ti sọ fún U-Boot pé kó má ṣí initrd nípò, kó fi sílẹ̀ níbi tí wọ́n gbé e sí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nígbà tó bá ń ṣí i nípò ló máa ń wo `reserved-memory` kó lè yẹra fún un. Ẹ fi `setenv initrd_high` lásán pa á rẹ́, ẹ yí `ramdisk_addr_r` sí 0xa0000000, kí ẹ sì `saveenv`.

Bí ẹ bá ń tún àdírẹ́sì tò, ẹ rántí pé ìwọ̀n fáìlì `Image` kọ́ ni ìwọ̀n tí kernel máa gbà. BSS (àyè àwọn variable tó ń bẹ̀rẹ̀ ní òdo) kò sí nínú fáìlì náà. Ìwọ̀n gidi wà nínú header, báìtì 8 láti ipò 16:

```
od -A d -t x8 -j 16 -N 8 Image
```

Ẹni tó bá gbé dtb sí ẹ̀yìn fáìlì náà tímọ́tímọ́, kernel á nu dtb yẹn nù nígbà tó bá ń sọ BSS di òdo. Ìpìlẹ̀ `Image` gbọ́dọ̀ wà ní àdírẹ́sì tó ṣeé pín sí 2 MB géérégé. dtb gbọ́dọ̀ wà ní àdírẹ́sì tó ṣeé pín sí 8, kó má sì ju 2 MB lọ. Bí ti dtb bá bàjẹ́, kernel á dúró sójú kan láìsọ nǹkan kan, torí inú dtb náà ni bootargs àti `stdout-path` tí earlycon nílò wà. Ẹ má ṣe wá àṣìṣe nínú UART nígbà tó bá dákẹ́ báyẹn. Dtb ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

---

iyaKernel

ojuewe4k ti dáhùn ti no-map àti 0xcc. Ẹ jẹ́ kí n mú ioremap àti SError, torí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n.

Bí a bá ya ibì kan sọ́tọ̀ láìsí no-map, RAM ni kernel ṣì ń pè é. Buddy ò ní fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ `paging_init()` ti máàpù rẹ̀ mọ́ linear map gẹ́gẹ́ bíi mẹ́mórì Normal tó ń lo cache. `ioremap()` lórí arm64 máa ń wo àdírẹ́sì tí ẹ fún un. Bó bá rí i pé RAM tí a ti máàpù ni, ó kọ̀, torí bó bá gbà, ojú ewé kan náà á ní orúkọ méjì: ọ̀kan ní cache, ọ̀kan jẹ́ Device. ARM kò ṣèlérí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí irú ojú ewé bẹ́ẹ̀. Ẹ lè kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ má rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, tàbí kí cache tó ti pẹ́ já lu ohun tí DSP ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Ìkọ̀ ioremap yẹn ń gbà yín là ni.

`memremap` pẹ̀lú `MEMREMAP_WB` gbà torí kò dá máàpù tuntun kankan. Àdírẹ́sì linear map náà ló kàn dá padà fún yín. Ìdí nìyẹn tí wàhálà fi kù síbẹ̀.

Ní ti SError: 8 MB tí firmware tì pa náà wà nínú linear map. Kò pọn dandan kí kóòdù kankan kà á. CPU a máa méfò: ó ń ka ìlà cache sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè, ó ń tẹ̀lé ọ̀nà branch tí kò ní gbà níkẹyìn. Níwọ̀n ìgbà tí page table bá ti sọ pé ibẹ̀ jẹ́ Normal, ẹ̀tọ́ CPU ni láti ka ibẹ̀. Ọjọ́ tí ìméfò náà bá kan ibi tí a tì pa, bus á dá àṣìṣe padà, àṣìṣe náà á sì dé lẹ́yìn ìgbà tí CPU ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Asynchronous, òun náà ló fà á tí stack yín fi ń yí padà lójoojúmọ́. Ẹ má ṣe wá ẹlẹ́ṣẹ̀ nínú stack yẹn, kò sí níbẹ̀. Ohun tó lè dá a dúró ni kí máàpù náà má ṣe sí rárá. Ìyẹn ni no-map.

Nítorí náà ẹ pín node náà sí méjì:

```
dsp_fw: dsp-fw@9c000000 {
    reg = <0x0 0x9c000000 0x0 0x800000>;
    no-map;
};

dsp_shm: dsp-shm@9c800000 {
    reg = <0x0 0x9c800000 0x0 0x3800000>;
    no-map;
};
```

Lára node DSP, ẹ kọ `memory-region = <&dsp_fw>, <&dsp_shm>;`. Nínú driver:

```
np = of_parse_phandle(dev->of_node, "memory-region", 1);
rmem = of_reserved_mem_lookup(np);
of_node_put(np);
if (!rmem)
    return -EINVAL;

va = devm_memremap(dev, rmem->base, rmem->size, MEMREMAP_WC);
if (IS_ERR(va))
    return PTR_ERR(va);
```

Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀: NULL ni `memremap` ń dá padà bó bá kùnà, àmọ́ ERR_PTR ni `devm_memremap` ń dá padà. Ẹni tó bá ń wá NULL lẹ́yìn `devm_memremap` kò ní rí àṣìṣe kankan títí tó fi máa fọwọ́ kan àdírẹ́sì burúkú.

Ẹ má ṣe máàpù `dsp_fw` rárá nínú Linux. Bí ẹ bá máàpù 64 MB lápapọ̀ bíi tàtijọ́, ẹ ti dá ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ fún ìméfò CPU láti gbà débẹ̀, no-map tí ẹ kọ á sì di asán.

Kí ló dé tí mo fi yan `MEMREMAP_WC` fún 56 MB? Ẹ ti sọ pé DSP kò mọ cache CPU. WC á fún yín ní Normal tí kò lo cache. Memcpy á ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìka bí àdírẹ́sì ṣe rí. Tó bá jẹ́ ioremap lásán, Device ni ẹ máa gbà, memcpy tí àdírẹ́sì rẹ̀ kò dọ́gba á sì dá alignment fault sílẹ̀. Ká ní DSP náà bá CPU lo cache pọ̀ ni, èrò mi ni pé kí ẹ yọ no-map kúrò lórí 56 MB yẹn, kí ẹ yà á sọ́tọ̀ lásán, kí ẹ sì lo WB: ó yára jù, kò sì sí ewu orúkọ méjì níbẹ̀. no-map kì í ṣe àgbélébùú ìbùkún tí a ń fi sára gbogbo node. A ń lò ó níbi tí linear map lè ṣe ìpalára.

---

akoweDTS

Mo gba ti mem= padà, ẹ ṣeun. Mi ò mọ̀ pé initrd ń padà wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti DTS kún un, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyàsọ́tọ̀ ti ń sọ nù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. `#address-cells` àti `#size-cells` tó wà nínú `reserved-memory` gbọ́dọ̀ bá ti root mu, `ranges;` sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí root bá ń lo 2 tí ẹ sì kọ 1 torí pé àdírẹ́sì yín wọ inú bíìtì 32, kernel á kọ `unsupported node format, ignoring`, á sì kọjá lọ bí ẹni pé ẹ ò kọ nǹkan kan. Node tó bá ní `status = "disabled"` náà, kò ní wò ó. `no-map` àti `reusable` kì í gbé inú node kan: `reusable` túmọ̀ sí pé kernel lè yá ibẹ̀ lò nígbà tí ẹ ò bá lò ó, báwo ló ṣe máa yá ohun tí kò máàpù? Bí node méjì bá gun ara wọn, `OVERLAP DETECTED!` ló máa jáde. Ẹ má gbójú fò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kernel ò dúró.

Bí firmware DSP yín bá lè gba àdírẹ́sì tí Linux bá sọ fún un, ẹ má ṣe kọ `reg` fún apá tí ẹ jọ ń lò. Ẹ kọ `size`, `alignment` àti `alloc-ranges`, kí kernel fúnra rẹ̀ wá àyè. Àwọn tó ní `reg` ló máa ń kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀, lẹ́yìn náà ló máa ń wá àyè fún àwọn tó kù, nítorí náà ti 8 MB yín kò ní kọlù wọ́n.

---

omoboodu

Ọlọ́run á san yín lẹ́san. `initrd_high` jẹ́ `0xffffffffffffffff` lóòótọ́, `ramdisk_addr_r` sì jẹ́ 0x9e000000. 24 MB ni initrd, nítorí náà ó ń dé 0x9f7fffff, bí ojuewe4k ṣe kọ ọ́ gan-an. A ti ṣí i lọ sí 0xa0000000, a sì pín node náà sí méjì. Ìlà ìkọ̀ náà ti lọ. `/proc/iomem` ti rí báyìí:

```
80000000-9bffffff : System RAM
9c000000-9fffffff : reserved
a0000000-ffffffff : System RAM
```

Ó ti lo òru kan àti ọ̀sán kan lábẹ́ iṣẹ́ tó ń jẹ RAM gidigidi, SError kankan ò wá.

Nǹkan méjì ló kù. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ ìlà kan ló jáde fún node méjì, tí mi ò sì rí wọn nínú `/sys/kernel/debug/memblock/reserved`? Èkejì: DSP ti ń ṣiṣẹ́ kí Linux tó jí, ó sì ń kọ ipò rẹ̀ sí 4 KB àkọ́kọ́ ní 0x9c800000. A fẹ́ ka 4 KB yẹn nínú `setup_arch()`, kí driver kankan tó wà. A gbìyànjú `memblock_alloc()` láti rí àyè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí, kernel kú kí ó tó kọ ìlà kan.

---

iyaKernel

Ti àkọ́kọ́: no-map kì í fi nǹkan sínú `reserved`. Àmì ló ń fi sára ìlà inú `memory`, ìlà méjì tó fara kan ara wọn tí àmì wọn sì dọ́gba á di ọ̀kan. Ẹ wo bí `reserved` yẹn ṣe wà ní etí ìlà nínú `/proc/iomem`, tí kò sí lábẹ́ System RAM. Èyí tí a yà sọ́tọ̀ láìsí no-map máa ń wọ inú, lábẹ́ System RAM tó ni ín. Ọ̀nà tó yá jù láti mọ̀ bóyá no-map mú nìyẹn. Ẹ fi root kà á o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òdo ni gbogbo àdírẹ́sì á jẹ́.

---

ojuewe4k

Ti èkejì. `memblock_alloc()` ń dá àdírẹ́sì virtual padà, ó sì ń fi òdo kún ibẹ̀ kó tó fún yín. Inú linear map ni àdírẹ́sì yẹn wà. Kí `paging_init()` tó parí, linear map kò tíì sí, nítorí náà òdo àkọ́kọ́ tó bá gbìyànjú láti kọ ló máa pa kernel. `memblock_phys_alloc()` ò ní ìṣòro yẹn torí nọ́ńbà lásán ló ń dá padà, àmọ́ ẹ̀yin náà ò lè fọwọ́ kan ibẹ̀ títí máàpù yóò fi dé. Kernel fúnra rẹ̀ ń bá ìṣòro yìí pàdé: nígbà tí `paging_init()` bá fẹ́ àwọn ojú ewé tí á fi ṣe page table, memblock ló ń gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, fixmap ló sì fi ń fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Fún 4 KB yín, ẹ máa lo irú ọ̀nà kan náà:

```
void __iomem *p = early_ioremap(0x9c800000, SZ_4K);
if (p) {
    memcpy_fromio(dsp_status, p, sizeof(dsp_status));
    early_iounmap(p, SZ_4K);
}
```

Ẹ jẹ́ kí `dsp_status` jẹ́ array static pẹ̀lú `__initdata`, tí kò ju 4 KB lọ. Kò sí ìdí láti pe memblock rárá fún 4 KB. Kóòdù yìí gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn `early_ioremap_init()`. Device ni `early_ioremap` ń fún yín, nítorí náà `memcpy_fromio` tàbí `readl`, kì í ṣe memcpy.

Àyè 7 péré ló wà fún early_ioremap lórí arm64, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì ju 256 KB lọ. Bí ẹ bá béèrè 1 MB, WARN àti NULL ni. Ẹni tó bá fẹ́ ka nǹkan tó tóbi, kó kà á ní ègé 256 KB, kó máa tú ọ̀kan sílẹ̀ kó tó mú òmíràn. Ìwọ̀n tí ẹ fi mú un ni kí ẹ fi dá a padà. Bí wọn ò bá dọ́gba, `size not consistent` á jáde. Bí ẹ bá gbàgbé láti dá a padà, ẹ máa rí `early ioremap leak` nígbà tí kernel bá jí tán, ẹ ó sì ti jẹ àyè kan lára méje.

Kí ẹ má bàa ronú rẹ̀ nínú driver lẹ́yìnwá ọ̀la: `memblock_reserve()` nínú module kò wúlò. Kì í ṣe ohun tí a gbé jáde fún module, ká tilẹ̀ ní ó ṣeé pè, buddy ti gba ojú ewé wọ̀nyẹn láti ìgbà `memblock_free_all()`. Iṣẹ́ ìyàsọ́tọ̀, inú dtb tàbí inú `setup_arch()` ló ti ń parí.

---

ewe_x86

Fún àwọn tó máa ka èyí tí wọ́n sì ń lo x86: kò sí dtb, e820 ló ń sọ ibi tí RAM wà, ohun tó sún mọ́ no-map jù ni `memmap=64M$0x9c000000` lórí ìlà àṣẹ kernel. Ó ń sọ RAM yẹn di reserved nínú e820, kò sì ní wọ direct map, nítorí náà ioremap á gbà.

Àmì `$` yẹn ló ń pa ènìyàn lára. GRUB rò pé variable ni, ó sì ń gbé e mì. Ohun tó máa dé ọ̀dọ̀ kernel á jẹ́ `memmap=64M` àti pàǹtírí lẹ́yìn rẹ̀, kernel á sì túmọ̀ `memmap=64M` tí kò ní àmì sí pé kí RAM gbogbo ẹ̀rọ má ju 64 MB lọ. Ẹ̀rọ náà kò ní jí. Nínú `/etc/default/grub`, ẹ kọ ọ́ báyìí:

```
memmap=64M\\\$0x9c000000
```

lẹ́yìn náà `update-grub`. Kí ẹ tó tún ẹ̀rọ náà tàn, ẹ wo `grub.cfg` bóyá `\$` ló kù níbẹ̀. Nígbà tó bá jí, ẹ wo `/proc/cmdline`. Bí ẹ bá lo ju `memmap=` mẹ́rin lọ, KASLR kò ní yan ibi tí kernel máa wà nínú RAM fúnra rẹ̀ mọ́.

---

omoboodu

`early_ioremap` gbà. Ipò DSP ti ń jáde nínú dmesg kí `paging_init()` tó bẹ̀rẹ̀, `early ioremap leak` kankan ò sì wá. Ṣé ó yẹ kí ibẹ̀rẹ̀ àwọn node no-map wa ṣeé pín sí 2 MB, àbí 4 KB ti tó?

---

ojuewe4k

4 KB ló pọn dandan. Ẹ má ṣe sọ̀kalẹ̀ ju ojú ewé kan lọ. Bí ẹ bá ní 2 MB tó dọ́gba, ẹ lò ó: níbi tí linear map bá ti ń lo block 2 MB, node tó bẹ̀rẹ̀ láàárín block á mú kí kernel fọ́ block yẹn sí ojú ewé 512, kó sì ná page table 4 KB kan lé e. Àmọ́ lórí 6.6, bí `rodata=full` bá wà (`CONFIG_RODATA_FULL_DEFAULT_ENABLED` ló máa ń tàn án), ojú ewé 4 KB ni gbogbo linear map ti jẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ ò ní rí ìyàtọ̀ kankan. Ti yín, 0x9c000000 àti 0x9c800000, dọ́gba pẹ̀lú 2 MB bó ṣe wà yẹn.